Obìnrin Tó Ń Bá Adìyẹ Wọlé Sùn

Níbi ìsìnkú ìyá mi àgbà, katikíìsì, olùkọ́ni ìjọ wa, dìde, ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Gbogbo wa ń mi orí. Mo wo àwọn tó jókòó níwájú, mo sì rí i pé, ó kéré tán, mẹ́rin nínú wọn ni ìyá yìí ti da omi lù lórí ẹní. Ká ní òkú ń gbọ́rọ̀ ni, yóò ti dìde jókòó nínú pósí láti béèrè ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá mi àgbà kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ó máa ń fojú tín-ín-rín èèyàn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi náà jogún rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà, ẹni tó bá ń fẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn, kó padà sọ́dọ̀ katikíìsì.

Fẹlisité ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ilé rẹ̀ wà ní Glei, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá tó ti Lomé wá sí Atakpamé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta iṣu àti èédú fún àwọn èrò ọkọ̀. Àkókò méjì péré ló wà lójú tirẹ̀: ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Bí adìyẹ bá ti ń fò gun igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, òun náà á pa iná ààrò, á fọ ẹsẹ̀, á wọlé lọ sùn. Kò sí àlejò tó tóbi tó láti dá a dúró. Àgbà kan láti ìdílé ọkọ rẹ̀ wá kí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó tẹ́rẹrẹ, ó ń sọ ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n jà sí kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ìyá Àgbà gbójú sókè, ó rí i pé àkùkọ ti gun igi, ó bá dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá àga sọ̀rọ̀ lọ. Àga kì í sùn."

Bó bá tún di ìdájí, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Á gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, á kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Kò ní kí ẹnikẹ́ni, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àfi ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á lójú dáadáa. Ó ní ojú tí kò bá rí oòrùn àárọ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kí òun dì lálẹ́. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo oòrùn, inú a máa bí i bí ẹni tí wọ́n jí oúnjẹ rẹ̀ gbé. Bí òjò bá ṣú dùdù látàárọ̀, ó lè sùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, kò sì ní tijú. Ṣùgbọ́n tí òṣùpá bá kún, kò ní rí oorun sùn púpọ̀, kò sì ní ráhùn. Yóò jókòó síta, yóò máa bó ẹ̀pà títí òṣùpá yóò fi rékọjá orí ilé. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í bínú sí òṣùpá. Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. Ó ní, "Òṣùpá máa ń lọ sílé."

Ohun tó kórìíra jù lọ ni ẹni tí oòrùn bá lórí ẹní. Ó ní orúkọ tó ń pè wọ́n: òkú ọ̀sán. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan, ará Kpalimé, jẹ́ orúkọ yìí títí tó fi bí ọmọ mẹ́ta. Agolo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù tí a kì í fi mu omi. Bí oòrùn bá ti kan ẹsẹ̀ ògiri kan báyìí tí o kò tíì jí, o ti di ẹni tí ara rẹ̀ tutù nìyẹn. N kò ní purọ́, mo kórìíra rẹ̀ nígbà èwe mi. Ìkà wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan, ibà dá mi dùbúlẹ̀, n kò lè dìde, ó sì da omi náà lù mí kó tó mọ̀. Nígbà tó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó sáré já ewé, ó sè é, ó jókòó tì mí látàárọ̀ títí di àṣálẹ́, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí. Ohun tó sọ ni pé, "Kí ló dé tí o ò sọ pé ara rẹ gbóná kí oòrùn tó débẹ̀?"

Katikíìsì tó pè é ní obìnrin jẹ́jẹ́ yìí, àwọn méjèèjì jà lórí ìṣọ́ òru. Ọkùnrin náà fẹ́ kí gbogbo ìyá ìjọ máa wá ṣọ́ òru ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Àgbà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, ó sì hanrun débi pé àwọn akọrin ń dúró dè é kí wọ́n tó gbe orin. Lọ́jọ́ kejì katikíìsì wá bá a wí nílé. Ìyá Àgbà ń gún ata, kò tiẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pààlà sáàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ìwọ ta ni tí o fẹ́ sún ààlà náà?" Ọkùnrin náà, tí bàbá rẹ̀ ti bá aládùúgbò jà títí dé kóòtù lórí ààlà oko, mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ṣe tóbi tó. Kò pè é wá ìṣọ́ òru mọ́.

Ẹ má rò pé àgídí lásán ni. Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, ọmọ náà sọ òru di ọ̀sán. Á sùn ní gbogbo ọ̀sán, ilẹ̀ á ṣú, á wá la ojú sílẹ̀ bí òwìwí. Nọ́ọ̀sì ni mí, nílé ìwòsàn kan ní Atakpamé, mo gba ìwé ẹ̀rí, ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà sì fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Mo gbé e wá sí Glei. Ìyá Àgbà wọ yàrá, ó rí i pé mo ti fèrèsé pa lọ́sàn-án kí ọmọ lè sinmi, ó sì gbọ́ pé iná fóònù ni mo ń tàn sí i lójú bó bá ń ké lóru. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Láti ọjọ́ kejì, òun àti ọmọ náà ló ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìdájí. Ariwo ọkọ̀, oòrùn, àwọn tó ń pọnmi, gbogbo rẹ̀ ń kọjá lójú ọmọ. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, kò gbà kí ẹnikẹ́ni tan ohunkóhun ní yàrá náà. Inú òkùnkùn ni mo ti ń fi ọmú wá ẹnu ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ náà fi ń sùn bí ọmọ gidi. Mo fẹ́ máa dúpẹ́. Ó ní, "Kò ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú ni."

Ọ̀rọ̀ wá kan èmi náà. Wọ́n yí mi sí iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn. Bí mo bá ṣíwọ́ láàárọ̀, mo máa ń wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Lomé, kí wọ́n já mi sí Glei, kí n lè sùn níbi tí ẹnì kan á ti máa wo ọmọ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ń retí agolo omi. Mo mọ̀ pé òkú ọ̀sán ni orúkọ mi tuntun. Ìyá Àgbà wò mí lójú pẹ́, ó wọlé, ó gbé aṣọ dúdú kan tó nípọn jáde, èyí tó fi ṣọ̀fọ̀ bàbá mi àgbà. Ó ṣẹ́ ẹ po méjì, ó fi ìṣó kàn án mọ́ fèrèsé mi. Ó lé adìyẹ kúrò níwájú yàrá náà, ó lé ọmọ kúrò, ó lé ìyàwó ará Kpalimé kúrò. Ó ní, "Wọ́n ti gba òru rẹ lọ́wọ́ rẹ. Wọlé, òmíràn nìyẹn." Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi sùn lẹ́yìn aṣọ yẹn. N kò sùn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn rí.

Mo fẹ́ kí èyí yé ẹ̀yin tó ń kà á dáadáa, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà tí ohun tó kàn ṣẹlẹ̀.

Tọ́ntọ́n Kofí ni àkọ́bí ìyá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ìdí tí mo fi ń pè é ní Tọ́ntọ́n nìyẹn. Lomé ló ń gbé, ó jẹ́ ọ̀gá kékeré ní ọ́fíìsì kan, ó sì ń rìn bí ọ̀gá ńlá. Òun ló rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sí ọdún tí kì í rán mi létí. Ọdún kan, ó gbé òpó iná sólà kan wá fún ìyá rẹ̀. Kò bi ìyá rẹ̀ bóyá ó fẹ́ ẹ. Ó ní kí wọ́n rì í mọ́ iwájú fèrèsé ìyá gan-an, torí pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn tó ń kọjá ní títì ti lè rí i. A ya fọ́tò. Katikíìsì gbàdúrà sí i. Tọ́ntọ́n ní ìlọsíwájú ti dé agbo ilé wa, ó wọkọ̀, ó padà sí Lomé, níbi tí yàrá rẹ̀ ti ní kọ́tìnnì.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iná náà á tan ara rẹ̀, kò sì sí bọ́tìnnì tí èèyàn lè fi pa á. Ó ń gba àárín pákó fèrèsé wọlé, ó ń gba abẹ́ páànù wọlé. Bí Ìyá Àgbà bá fi aṣọ dí fèrèsé, ooru á lé e jáde. Àwọn aládùúgbò ń wá jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń yẹ fóònù wò, wọ́n ń yìn Tọ́ntọ́n. Àwọn adìyẹ kò gun igi mọ́. Wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ lábẹ́ iná bí ẹni pé ọ̀sán ni. Àkùkọ ni orí rẹ̀ kọ́kọ́ dàrú: ó ń kọ nígbà tí a ṣì ń jẹ oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́.

Lọ́dọ̀ wa, àkùkọ tó bá kọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í rí òwúrọ̀. Àmì ikú ni, pípa ni wọ́n ń pa á. Wọ́n pa á. Wọ́n mú òmíràn wá, òun náà kọ, wọ́n pa á. Wọ́n pa ẹ̀kẹta. Àkùkọ mẹ́ta láàárín oṣù méjì, kò sì sí ẹni tó gbójú sókè wo ohun tó ń tàn lórí wa. Tíṣà wà níbẹ̀, katikíìsì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. A ń fa itan àkùkọ ya, a ń wojú ara wa, a ń béèrè ẹni tó fẹ́ kú.

Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kò sùn mọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bá gaàrí tó ń rò jà bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, yóò máa rìn yí ká agbo ilé, torí kò mọ ibòmíràn tí yóò gbé ara rẹ̀ sí. Àwọn ọlọ́pọ́n ayò rí i. Ìyá arúgbó tó ń rìn lóru, nínú ilé tí àkùkọ ti ń kéde ikú: ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ìyàwó ará Kpalimé ló kọ́kọ́ pe orúkọ náà, àjẹ́. Ó ti ń dúró de ọjọ́ yẹn láti ìgbà tó ti ń jẹ́ òkú ọ̀sán. Katikíìsì ní òun mọ àgọ́ àdúrà kan nínú igbó, níbi tí wọ́n ti ń gba arúgbó là. Gbogbo wa mọ irú àgọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á so èèyàn mọ́ igi, wọ́n á fi ebi pa á títí yóò fi jẹ́wọ́.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí ní ọ̀sán Sátidé kan, lábẹ́ igi máńgòrò. Tọ́ntọ́n wá láti Lomé, ó jókòó sórí àga onírọ̀rí. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Kò sẹ́ni tó pe ìyá ní àjẹ́ lójú rẹ̀. Ojo ni wọ́n. Wọ́n ń sọ pé "ìsinmi," wọ́n ń sọ pé "ìrànlọ́wọ́." Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí òpó iná náà.

Ó ní, "Èyí ni. Àkùkọ ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Èmi náà, ara mi ò mọ̀. Ẹ bi Afí léèrè. Afí kàwé nípa rẹ̀."

Afí ni èmi. Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé ojú ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú kí oorun tó wá, pé bí ìmọ́lẹ̀ kò bá lọ, ara yóò máa dúró dè é. Wọ́n bi wá ní ìdánwò, mo yege. Yàtọ̀ sí ìwé, ara mi náà mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn aṣọ dúdú yẹn.

Tọ́ntọ́n rẹ́rìn-ín. "Afí, ṣé iná tí mo gbé wá fún ìyá mi ló ń sọ àkùkọ di wèrè?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan báyìí. Mo ní, "Tọ́ntọ́n, àgbàlagbà kì í sábà sùn púpọ̀. Ọjọ́ orí ni."

N kò sọ pé àjẹ́ ni. N kò sì sọ pé kì í ṣe àjẹ́. Bí àwa tó kàwé ṣe ń purọ́ nìyẹn, a máa ń sọ òótọ́ kan tí kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ìyá Àgbà kò bá mi jà. Ó ní, "Ó dáa. Afí, lọ já aṣọ dúdú yẹn wá." Mo lọ já a wá. Ó wá sọ fún ìpàdé pé kí wọ́n fi aṣọ náà bo iná yẹn fún alẹ́ méje. Àkùkọ kan ṣoṣo ló kù nínú ilé, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, òun náà sì ti ń kọ nígbà oúnjẹ. Bó bá di alẹ́ keje tó ṣì ń kọ bẹ́ẹ̀, òun á fi ẹsẹ̀ ara òun rìn lọ sí àgọ́. Bí kò bá kọ, kí ẹni tó pe òun ní àjẹ́ wá tún un wí lójú òun. Kò dúró gba èsì. Ó ránṣẹ́ pe adẹ́mu tó wà ní agbo ilé kejì, ọkùnrin náà sì fi igbà rẹ̀ gun òpó bó ṣe ń gun ọ̀pẹ, ó di aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ iná náà lórí.

Alẹ́ àkọ́kọ́, àkùkọ kọ. Alẹ́ kejì, ó kọ, ìyàwó ará Kpalimé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ìyá sínú báàgì. Alẹ́ kẹta, ó kọ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó gun igi kí oòrùn tó wọ̀, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ojú sánmà fi funfun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí di alẹ́ keje. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, oòrùn kan ẹsẹ̀ ògiri, ó kọjá á, Ìyá Àgbà kò tíì jáde. A ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù. Ó ń sùn. Ó ń hanrun. Kò sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kan agolo.

Ẹ ó rò pé wọ́n wá tọrọ àforíjì. Tọ́ntọ́n Kofí wá lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí wọ́n tú aṣọ náà. "Ìyá, ẹ pàdọ́ọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé iná wo ló kú tí a fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀." Wọn kò pe àjẹ́ mọ́, wọn kò sì pe àgọ́ mọ́, wọ́n kàn yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí. Ìyá Àgbà kò bá a jiyàn. Ó di ẹrù, ó gbé àkùkọ náà sábẹ́ apá, ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù, ó lọ sí Akparé, sí ilé bàbá rẹ̀, níbi tí kò sí wáyà iná tàbí òpó iná kankan. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Tọ́ntọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìyá òun lọ gba atẹ́gùn.

Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ó sanra. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Mo lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò lẹ́nu láti Atakpamé. Ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọjọ́ ìpàdé yẹn, mo mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀rù Tọ́ntọ́n ló bà mí."

"Mo mọ ìyẹn náà."

Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó ju ú sínú omi, ó mú òmíràn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó wá ní, "Ẹbí mi ló kún abẹ́ igi yẹn, Afí. Ìwọ nìkan ni mo pè." Lẹ́yìn náà ó gbójú wo igi, ó bu omi, ó fọ ẹsẹ̀, ó wọlé lọ sùn, mo sì wà níta.

Ó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Wọ́n gbé e padà wá sí Glei, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná yẹn kan náà fún àìsùn, Tọ́ntọ́n sì ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún àlejò. Mo wà níbẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ̀rí tó pè mí sí, tí mo gbé wá lẹ́yìn tó ti lọ. Ìyá mi àgbà kì í ṣe àjẹ́. Oorun ló ń wá. Iná ni kò jẹ́ kó rí i sùn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì rẹ́rìn-ín.